Ọkọ̀ Tó Ń Wúkọ́ Lórí Òkè Parapat

"Pa á," Bàbá Rondang wí, orí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ó dáa. Tún un ṣí."

Lamria yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì kékeré náà jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ológbò tó yó. Bàbá Rondang dijú, ó gbé ìka kan sókè bí ẹni tó ń darí akọrin. Àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wo ọ̀gá wọn.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀ yìí," ó wí, ó sì la ojú.

"Tó bá dúró lójú kan, kò ní ṣe nǹkan kan, Bàbá," Lamria dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òkè ló ń bá a jà. Tí ẹrù bá ti wà nínú rẹ̀, tó ń gun òkè Parapat, á kàn máa wúkọ́ ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó sú mi. Ni mo bá ní kí n kúkú gbé e wá fún ẹni tó ní etí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọkùnrin náà nínú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o! Ìyá Poltak, tí gbogbo Siantar ń sáré gbé mọ́tò tọ̀ lọ, òun náà ló wá bá mi yìí. Ẹ̀rọ tí ẹ ń so mọ́ mọ́tò ńkọ́, èyí tí ẹ ń wò bíi tẹlifíṣọ̀n? Kò sọ fún ọ ni?"

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá. Mo ń gbé ajílẹ̀ lọ fáwọn alálùbọ́sà ní Sipolha létí adágún. Bí ẹ bá lè bá mi gun òkè náà, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ, màá dá yín padà kí oòrùn tó wọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ ra ẹja bọ̀ o!" ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì náà pariwo.

Bàbá Rondang rẹ́rìn-ín, ó gun iwájú ọkọ̀, ó sì kún àga náà bámúbámú.

Irọ́ ni Lamria pa. Ó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà dáadáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àìsàn náà sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Hasoloan ọkọ rẹ̀ ń wa irú bọ́ọ̀sì yìí gan-an láti Siantar lọ sí Parapat. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì, bọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lórí òkè. Ó gbé e lọ fún Bàbá Rondang. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó ti dáa. Kò dáa. Hasoloan padà lọ sọ pé ọkọ̀ náà ṣì ń kú mọ́ òun lẹ́sẹ̀, Bàbá Rondang sì dá a lóhùn lójú gbogbo oníbàárà pé, "Ẹsẹ̀ rẹ ló wúwo, kì í ṣe mọ́tò. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀." Ó fi ẹ̀rín wálé sọ ọ́ fún Lamria, ṣùgbọ́n kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ méjì, lórí òkè Aek Nauli lójú ọ̀nà Parapat, ó yà síta kó lè kọjá lọ́rí onígẹdú kan. Ó dé ẹ̀gbẹ́ lọ́rí náà tán, agbára ọkọ̀ rẹ̀ bá relẹ̀. Kò lè lọ síwájú, àyè àtipadà sẹ́yìn ò sì sí mọ́. Bọ́ọ̀sì ńlá kan ń bọ̀ láti òkè. Hasoloan kú, èrò mẹ́ta kú pẹ̀lú rẹ̀, láti ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; tíṣà kan ní Sipolha wà lára wọn.

Àwọn ọlọ́pàá pe Bàbá Rondang kó wá sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Ó ní pípé ló kúrò lọ́wọ́ òun. Ó wá mi orí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn, ó ní, "Ta ni ò mọ ibi tí Hasoloan ń jókòó sí nírọ̀lẹ́? Ẹmu ni." Lóòótọ́, Hasoloan a máa mu ife kan bí gbogbo ọkùnrin ìlú náà ṣe ń mu, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan ẹmu lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹmu yẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹnì kan ò wá láti ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà síbi ìsìnkú. Níléèwé, àwọn ọmọ ń pe Poltak, ọmọ Lamria àti Hasoloan, ní ọmọ ọ̀mùtí tó pààyàn. Ìyá Hasoloan, tó jẹ́ pé òun ló ń dá orin fún ìjọ ní Sipolha, kò tẹsẹ̀ bọ ilé ìjọsìn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lamria ò pariwo. Ó lọ kọ́ṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbá níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó di ẹni tó ń to wáyà, ó wá di ẹni tí àwọn ọkùnrin ń gbé ọkọ̀ tó bá ta kókó lé lọ́wọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á fi ọwọ́ méjèèjì bọ Bàbá Rondang lọ́wọ́, á bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti di alàgbà ìjọ nígbà yẹn. Àwọn èèyàn ní Ìyá Poltak mà ní ọkàn rere o. Ọkàn rere kọ́. Ọdẹ tó bá lúgọ de ẹran kì í wúkọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin kọ̀ndẹ́ḿù, ó rí òkú bọ́ọ̀sì kan láàárín koríko. Àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣí tán, ṣùgbọ́n orúkọ Poltak tí Hasoloan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì hàn fírífírí. Ó fìdí kalẹ̀ sínú koríko náà fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì tú ọ̀pá tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Lára ọ̀pá náà ni sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ máa ń wà. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Wáyà tín-ín-rín bí irun wà nínú rẹ̀, tó máa ń gbóná; bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́ lù ú tó ni ọpọlọ mọ́tò fi ń mọ iye epo tó yẹ kó tú sínú ẹ́ńjìnnì. Bí sẹ́ńsọ̀ yìí bá ń purọ́, epo kò ní tó. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, èèyàn lè má mọ̀. Orí òkè ni àṣírí máa ń tú.

Wáyà yẹn, èèyàn kì í fọwọ́ kàn án. Oògùn ni wọ́n máa ń fín sí i, kí ìdọ̀tí lè kúrò. Nígbà tí Lamria fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ó rí i pé òwú àkísà há sí i, bí ẹni pé ẹnì kan fi nǹkan ha á bí ẹni ń ha ìkòkò. Wáyà kan ti já nínú rẹ̀. Wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà.

Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní ta ló mọ ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù náà sí i. Ìdí nìyẹn tó fi tú sẹ́ńsọ̀ tó dára kúrò lára bọ́ọ̀sì ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, tó fi ti Hasoloan sí i, tó di àpò ajílẹ̀ méjìlá sẹ́yìn, tó sì wa ọkọ̀ náà tọ Bàbá Rondang lọ.

Wọ́n kọjá Tiga Dolok. Bàbá Rondang ò dákẹ́ ẹnu. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ẹja sè, ó sọ̀rọ̀ àga tuntun tí ìjọ fẹ́ rà, ó sọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ayé òde òní tí wọn ò lè tú nọ́ọ̀tì kan láìwo fóònù.

"Ìwọ gan-an," ó wí, "mi ò bá ọ wí. Obìnrin ni ọ́, o ṣe gudugudu méje. Àmọ́ etí, Ọlọ́run ló ń fúnni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," Lamria wí.

Òkè bẹ̀rẹ̀. Igi páìnì dí ojú oòrùn lápá méjèèjì ọ̀nà, àwọn ọ̀bọ jókòó sórí irin ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń retí ẹni tó máa ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wọn. Ní kọ́nà kejì, ọkọ̀ náà mi ara lẹ́ẹ̀kan. Ní kọ́nà kẹta, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, agbára rẹ̀ lọ, ó tún padà.

"Háà!" Bàbá Rondang na ara rẹ̀ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù. "Mo gbọ́ ọ. Fi jíà kejì sí i. Tẹ̀ ẹ́. Tún tẹ̀ ẹ́. Hẹn-ẹ́n! Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ni."

"Ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi. Fa wáyà rẹ̀ yọ kí o wò ó, mọ́tò náà á sàn ju báyìí lọ, torí ọpọlọ rẹ̀ á fi àbá ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò ní gbọ́ irọ́ mọ́. Afọ́jú ló máa sọ pé òun ò mọ èyí! Ta ló fi irú nǹkan yìí síbẹ̀?"

"Ṣé ó léwu ni?"

"Ó léwu kẹ̀! Ní òkè báyìí? Tí o bá fẹ́ kọjá ẹnì kan ńkọ́, tó wá kú mọ́ ọ lẹ́sẹ̀?" Ó kọ háà. "Ìyá Poltak, ẹni tó bá gbé irú èyí fún èèyàn pé kó máa wà á lọ, apààyàn ni."

Lamria yí kọ́nà náà tán. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lò ló yàtọ̀.

"Ìwọ lo gbé e fún un," ó wí.

Bàbá Rondang yíjú sí i. Láti ọjọ́ tó ti mọ obìnrin náà, ẹ̀yin ló máa ń pè é.

"Kí lo pè mí?"

"Ìwọ ni mo pè ọ́. Sẹ́ńsọ̀ ọkọ mi ló wà níwájú rẹ yẹn. Mo tú u lára òkú ọkọ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù rẹ ṣì wà lára rẹ̀."

Níwájú wọn, lọ́rí kan ń rá gòkè, ó kó gẹdú, èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀. Lamria sún mọ́ ọn.

"O ní pípé ló kúrò lọ́wọ́ rẹ. O ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo. Ẹsẹ̀ tèmi fúyẹ́. Jẹ́ ká wò ó."

Ó sì yà síta.

"Lamria! Padà! Padà sẹ́yìn!"

"Pípé ni, àbí pípé kọ́?"

Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn lọ́rí náà. Ọkọ̀ wúkọ́. Agbára rẹ̀ relẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n yọ atẹ́gùn nínú bọ́ọ̀lù. Lójú kọ́nà tó wà lókè, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan yọ, ó tan iná sí wọn, ó ń fọn fèrè. Bàbá Rondang fi ọwọ́ méjèèjì di dáṣíbọ́ọ̀dù mú.

"Èmi ni! Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́! Jésù! Mo ní èmi ni!"

Lamria ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí tọ̀rọ́tù. Ohun tó dẹ́rù bà á lẹ́yìn náà nìyẹn. Fún ìwọ̀n èémí méjì, ó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ kí ọkùnrin yìí rí ohun tí Hasoloan rí, kó rí i títí dé òpin. Ìgbà yẹn ló rí inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ náà kedere: obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kábéèjì lé ẹsẹ̀, ó ti fi ọwọ́ bojú.

Ó tẹ bíréèkì. Lọ́rí náà kọjá lọ níwájú, Lamria já ọwọ́ ọkọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, akẹ́rù náà sì fò kọjá pẹ̀lú igbe fèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ha dígí ẹ̀gbẹ́ wọn lọ.

Ó dúró níbi tí títì ti fẹ̀ díẹ̀. Bàbá Rondang ṣílẹ̀kùn, ó bì sínú koríko. Lamria ò tíì lè tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìdarí ọkọ̀. Ó ń wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni wọ́n.

Nígbà tó yá, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ dúró síwájú ọkùnrin náà.

"Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Sẹ́ńsọ̀ tuntun ò tíì dé láti Medan," ó wí, kò lè wojú rẹ̀. "Kérésì ti dé tán, Hasoloan fẹ́ máa fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo ní kí n bá a fọ èyí tó wà níbẹ̀. Kẹrosíìnì àti àkísà ni mo fi fọ̀ ọ́. Wáyà náà já. Mo ní kó ṣì máa fi èyí dọ́gbọ́n títí di ọdún tuntun."

"O sọ fún un pé ó já?"

"Rárá."

"Ó padà wá bá ọ."

"Ó padà wá."

"Kí lo sọ fún un?"

Ọ̀bọ kan sún mọ́ wọn, ó ń wo ọwọ́ wọn bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo."

"Ẹmu ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n á tì mí mọ́lé. Mo ní ọmọ mẹ́rin, Ìyá Poltak."

"Òun náà bímọ."

Ó wọ inú ọkọ̀, ó mú sẹ́ńsọ̀ tó dára jáde pẹ̀lú súkúrúdíráfà, ó nà án sí i.

"Ṣe é. Ṣe é bó ṣe yẹ kí o ṣe é nígbà yẹn."

Ọwọ́ Bàbá Rondang ń gbọ̀n débi pé ó sọ nọ́ọ̀tì kan nù sínú ẹ́ńjìnnì, Lamria ló bá a wá a. Nọ́ọ̀tì méjì péré ni, àti orí wáyà kan tí wọ́n ń fà yọ, tí wọ́n á tún kì bọ̀ ọ́. Nígbà tó ṣe é tán, Lamria wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin," ó wí. "Pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n."

Bàbá Rondang nu ojú rẹ̀. "Ṣé o gba ohùn mi sílẹ̀ sínú fóònù?"

"Rárá. Kì í ṣe inú fóònù ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Wọlé."

Bàbá Rondang rò pé Siantar ni wọ́n ń padà sí. Nígbà tó rí i pé wọ́n ṣì ń gòkè, tí wọ́n wá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí adágún, ó ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìyá Hasoloan ń to àlùbọ́sà sórí ẹní níwájú ilé nígbà tí wọ́n dé. Arúgbó náà kúrú, ara rẹ̀ le bí gbòǹgbò. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì kí i.

"Ìyá," Lamria wí, "Bàbá Rondang ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún yín."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀pẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po, ó ní iṣẹ́ pọ̀, ó ní ọdún ti dé, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé arúgbó náà ò mi orí, kò sì ṣe hẹ̀n, ó sọ ọ́ ní ṣókí.

"Ọmọ mi ò mu ẹmu lọ́jọ́ náà?"

"Kò mu, Ìyá."

"Tún un sọ."

"Kò mu ẹmu."

"Mi ò gbọ́."

"Hasoloan ò mu ẹmu!" Ó bú sẹ́kún. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá, ẹ ṣàánú mi, ẹ wo ewú orí mi."

Lamria ń dúró de ayọ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ro bí ó ṣe máa rí lára òun nígbà tí ọkùnrin yìí bá wà lórí eékún. Ó rí ewú orí rẹ̀, ó rí imú rẹ̀ tó ń ṣàn. Kò ṣàánú rẹ̀. Àmọ́ obìnrin oníkábéèjì yẹn ló ń padà wá sójú rẹ̀.

Arúgbó náà gbọn èèpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó dìde.

"Èmi nìkan kọ́ ni wọ́n purọ́ fún," ó wí. "Ilé mẹ́ta ni. Wọ́n ti ń gégùn-ún fún ọmọ mi láti ọdún mẹ́fà, wọn ò sì jẹ̀bi, irọ́ ni wọ́n gbọ́. Dìde níbẹ̀. Ilé tíṣà ló sún mọ́ wa jù, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, o máa sọ ọ́ níjọ yín, níbi tí o ti ń ka ìkéde. Èmi náà á wà níbẹ̀."

"Ìyá, wọ́n á pa mí!"

"Wọn ò ní pa ọ́. Bí wọ́n bá nà ọ́, ara rẹ á jiná. Lamria, dúró, jẹ́ kí n wé gèlè."

Nígbà tó jáde, iwájú ló jókòó sí. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sẹ́yìn, Bàbá Rondang sì gun orí àpò ajílẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn, ó kó ẹsẹ̀ jọ. Ọkọ̀ náà gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí adágún náà láìwúkọ́ rárá.

"Báwo lo ṣe mú un sọ̀rọ̀?" arúgbó náà bèèrè, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà.

Lamria pààrọ̀ jíà kó tó dáhùn.

"Màá sọ fún yín, Ìyá. Kì í ṣe lónìí. Ọ̀nà tí mo gbà kò dáa."

Arúgbó náà wò ó, kò bi í mọ́.

Ilé tíṣà tó kú náà ní ọgbà òdòdó kékeré níwájú. Lamria dúró síbẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàbá Rondang ò mira.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Poltak," ó wí, ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyàwó mi."

Lamria padà síwájú, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì jókòó. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ omi adágún tó ń lu òkúta nísàlẹ̀.

"A ò kánjú," ó wí.

Ilẹ̀kùn ilé náà ṣí. Obìnrin kan tó ti dàgbà jáde sí pèpéle, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ń wo inú ọkọ̀ náà láti mọ àlejò tó dé. Nígbà tó dá ìyá Hasoloan mọ̀, ojú rẹ̀ le. Ó yí padà, ó fẹ́ wọlé.

Lẹ́yìn wọn, àwọn àpò ajílẹ̀ dún, Bàbá Rondang sì fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀.